Aṣọ́lẹ̀kùn Tí Kò Lo Wáyà

Ààbò ilé ni a gbé kalẹ̀ lónìí. Àwọn tí a jọ jókòó ti sọ tiwọn lórí ọdẹ, lórí ajá, àti lórí irin ojú fèrèsé. Ohun kékeré kan ni ó kù fún mi láti ṣàlàyé, èyí tí kò tóbi ju ìka méjì lọ, tí a ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé, tí ó sì máa ń ránṣẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣí i. Àwọn tí ń tà á ní ọjà ń pè é ní sẹ́ńsọ̀. Aṣọ́lẹ̀kùn ni èmi ń pè é. Bí ẹ bá ń bi ara yín léèrè pé kí ni olùkọ́ èdè wá dé ìdí iṣẹ́ oníná, èsì mi ni pé ọwọ́ ara mi ni mo fi so ó mọ́ ilé mi ní Ìbàdàn, mo sì so ó ní ìsokúso ní ìgbà àkọ́kọ́. Àṣìṣe náà ná wa ní nǹkan. N óò sọ ọ́ nígbà tí mo bá dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Gbogbo wa ni a mọ ààlè. Ẹni tí ó ṣẹ́gi sí oko tí kò tíì ráyè rù ú wálé a máa so àkísà tàbí ìkarahun ìgbín mọ́ ọn, kí ẹni tí ó bá fẹ́ mú un lè mọ ohun tí yóò bá a. Olè ni ààlè ń bá sọ̀rọ̀. Kò ní ọ̀nà tí ó fi lè pe olóko. Àrokò ni ó ń rin ìrìn àjò lọ bá ẹni tí a rán an sí. Aṣọ́lẹ̀kùn sún mọ́ àrokò ju ààlè lọ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó lè jẹ́, èyí náà ni pé: "Wọ́n ti ṣí mi." Kò mọ̀ bóyá olè ni tàbí ọmọ ilé. Ẹni tí kò bá fi èyí sọ́kàn yóò máa bínú sí i láìnídìí.

Ìmọ̀ tí ó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe tuntun bí àwọn ènìyàn ti ń rò. Ní ọdún 1853 ni Augustus Russell Pope, ará ìlú Somerville ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí agogo olè tí ń fi agbára bátìrì ṣiṣẹ́. Wáyà ni ó ta láti ara ilẹ̀kùn àti fèrèsé dé ìdí agogo. Bí a bá ṣí ọ̀kan nínú wọn, iná á ráyè kọjá, agogo á sì máa dún. Edwin Holmes ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1857, ó sì sọ ọ́ di òwò. Èkejì ni iṣẹ́ Walter Ellwood ní ilé ìwádìí Bell, ní Amẹ́ríkà kan náà, ní 1936: súwíìsì tín-ín-rín tí a tì mọ́ inú gíláàsì, tí irin òòfà ń ti òkèèrè pa àṣẹ fún. Súwíìsì yìí ṣì wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ aṣọ́lẹ̀kùn tí a ń rà títí di òní.

Bí a bá tú u wò, apá méjì ni ó ní. Apá kan ni òòfà, irin tí ń fa irin ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Kò ní bátìrì, kò sì ní wáyà. Apá kejì ni mo ń pè ní ońṣẹ́. Nínú ońṣẹ́ ni ahọ́n irin pẹlẹbẹ méjì wà, nínú ọ̀pá gíláàsì kékeré tí a dí pa kí ìpẹtà má ba à bà wọ́n jẹ́. Nígbà tí òòfà bá wà nítòsí, ahọ́n méjèèjì á kan ara wọn. Bí òòfà bá jìnnà, wọ́n á tú ká. Ìtúká yẹn ni ó ń jí ońṣẹ́ lójú oorun. Lójú ẹsẹ̀, yóò ké sí ìyá ẹ̀rọ lórí ìgbì rédíò, yóò sì dá orúkọ ara rẹ̀, nítorí pé ońṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ìyá ẹ̀rọ ni yóò wá han, tàbí tí yóò pe fóònù onílé.

Nítorí pé oorun ni ońṣẹ́ ń sùn ní ọ̀pọ̀ ìgbà, bátìrì pẹlẹbẹ kan tí ó dà bí owó ẹyọ lè gbé e fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iná mànàmáná bá lọ ní àdúgbò, kò kan ońṣẹ́ rárá. Ìyá ẹ̀rọ ni ó kàn. Ẹ má ra èyí tí kò ní bátìrì nínú, tí yóò máa gbé e ró títí iná yóò fi dé. Ohun kan tún wà tí ń dójú ti àwọn ènìyàn wa. Ọ̀pọ̀ ìyá ẹ̀rọ tí a ń rí rà níhìn-ín ń gbọ́ ìgbì tí ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù 433 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Yúróòpù sábà máa ń lo mílíọ̀nù 868. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ra ońṣẹ́ wá láti Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ sì ra ìyá ẹ̀rọ ní Ìbàdàn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa wo ara wọn bí àjèjì títí láé. Ẹ rà wọ́n pọ̀.

Nísinsìnyí, ó di orí iṣẹ́. Orí tábìlì ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó gun àga rárá, ẹ fi ońṣẹ́ mọ ìyá ẹ̀rọ bí ìwé tí ó bá a wá ti wí, kí ẹ sì fún un ní orúkọ. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: ẹ má pè é ní "ìkíní" àti "ìkejì." Ní aago méjì òru, kò sí ẹni tí yóò rántí ibi tí ìkejì wà. "Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé," "fèrèsé ilé ìdáná," èyí ni ó yé ènìyàn tí oorun wà lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ síbi tí yóò wà, kí ẹ fi téèpù lásán mú un fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ ti ilẹ̀kùn gbogbo tí ó wà láàárín, kí ẹ sì dán an wò bóyá ìyá ẹ̀rọ ń gbọ́ ọ. Ògiri bíríkì kan tàbí méjì kì í dí i lọ́wọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n kọnkéré tí ó kún fún irin a máa dín ohùn rẹ̀ kù gidigidi. Ó sàn kí a mọ èyí nígbà tí téèpù lásán ni a fi mú un.

Ara férémù ni ońṣẹ́ máa ń wà, òòfà á sì wà lára ilẹ̀kùn tí ń rìn, kí ìgbátì ilẹ̀kùn má ba à máa mi ońṣẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ fi wọ́n sí òkè, nítòsí àtẹ́rígbà, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, kí ó sì jẹ́ ní ìhà tí ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ìkọ́ ilẹ̀kùn, nítorí pé ibẹ̀ ni àlàfo ti ń yára là. Àmì kékeré wà lára apá méjèèjì. Kí àmì kọjú sí àmì. Àlàfo tí ó wà láàárín wọn kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, àyàfi bí ìwé rẹ̀ bá sọ pé ó lè jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sípíríìtì nu ojú ibẹ̀ títí eruku àti ọ̀rá yóò fi tán, kí ó gbẹ, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ sì fún gọ́ọ̀mù rẹ̀ ní odindi ọjọ́ kan kí ó dì. Lára ọ̀dà tí ó ti ń bó, gọ́ọ̀mù kò wúlò: ọ̀dà náà ni yóò ṣí wá pẹ̀lú rẹ̀. Súkúrù ni kí ẹ lò níbẹ̀.

Ilẹ̀kùn onírin, èyí tí ó pọ̀ ní ìlú wa, ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Irin a máa fa agbára òòfà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, a sì máa dí ìgbì rédíò lọ́wọ́. Ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ọ̀rá líle sí abẹ́ apá méjèèjì kí wọ́n má fara kan irin, kí ẹ sì dín àlàfo wọn kù. Férémù alumíníọ̀mù kì í da òòfà láàmú bẹ́ẹ̀.

Àlàfo yìí gan-an ni ó pa mí lára. Oṣù Kẹjọ ni mo so tèmi mọ́ ilẹ̀kùn iwájú. Ilẹ̀kùn onípákó ni, ó ti mu omi òjò, ó sì fún mọ́ inú férémù rẹ̀ pinpin. Mo fi àlàfo sílẹ̀ dé ibi tí ońṣẹ́ lè gbà á mọ, mo rò pé mo gbọ́n. Ọyẹ́ dé, pákó gbẹ, ilẹ̀kùn rọ̀. Ní òru ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ mì í díẹ̀, ẹ̀rọ sì figbe ta. Àwọn aládùúgbò dé pẹ̀lú àdá àti tọ́ọ̀ṣì. Wọn kò rí ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kejì, ó tún ké. Àwọn tí ó jáde kò pọ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá ọdẹ nìkan ni ó wá. Ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀rọ yín yìí máa ń lá àlá ni?"

Ojú tì mí. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo ní n óò tún un ṣe ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kí Àbámẹ́ta tó dé, àwọn kólékólé gba ilé ìdáná wọlé. Wọ́n gbé sílíńdà gáàsì àti ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi lọ. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, yàrá rẹ̀ ni ó sì kángun sí ilé ìdáná. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn. Ó sọ fún mi ní òwúrọ̀ pé òun di ẹnu òun mú, kí wọ́n má ba à mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fi ọ̀rọ̀ àlàfo ṣeré mọ́.

Bí mo tilẹ̀ tan ẹ̀rọ náà sílẹ̀ ní òru yẹn, kò ní ké. Fèrèsé oní-lúfà ni ó wà ní ilé ìdáná wa, gíláàsì rẹ̀ ni wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò ṣí férémù kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó bá fọ́ gíláàsì wọlé kò ní jí ońṣẹ́. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀, ẹnu tí ó yà jù lọ ni a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá. Fún irú fèrèsé bẹ́ẹ̀, irú ẹ̀rọ mìíràn ni a ń lò, èyí tí ń ṣọ́ ìrìn ènìyàn nínú yàrá. Fún fèrèsé tí a ń tì sí ẹ̀gbẹ́, aṣọ́lẹ̀kùn dára púpọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa wọlé lóru, ẹ lẹ òòfà kejì mọ́ ọn, kí ó bọ́ sí iwájú ońṣẹ́ nígbà tí fèrèsé bá ṣí ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan.

Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ jókòó sọ pé irin ojú fèrèsé nìkan ti tó. N kò bá a jiyàn lórí agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé irin tí ó dènà olè lè dènà onílé nígbà tí iná bá ń jó. Ẹni tí ó bá ní irin tí ń ṣí láti inú, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nítòsí, tí ó sì fi aṣọ́lẹ̀kùn kún un, ni mo rò pé ó ronú dáadáa. Ó tún béèrè bóyá olè lè fi ẹ̀rọ mìíràn bo ohùn ońṣẹ́ mọ́lẹ̀. Ó lè ṣe é. Àwọn tí ó dára nínú ẹ̀rọ yìí máa ń mú kí ońṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ìyá ẹ̀rọ látìgbàdégbà pé òun wà láàyè; bí ìkíni náà bá dẹ́kun, ìyá ẹ̀rọ á kìlọ̀. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bi ẹni tí ń tà á kí ẹ tó sanwó.

Mo ti sún òòfà mi mọ́ ońṣẹ́ báyìí, mo sì máa ń wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ọyẹ́ bá dé. Mo sọ fún àwọn aládùúgbò kí n tó tan ẹ̀rọ náà padà, mo sì ṣí ilẹ̀kùn lójú wọn kí wọ́n lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ní ọ̀sán, kì í han; a ti tò ó kí ó máa dún "tin" lẹ́ẹ̀kan péré bí ilẹ̀kùn bá ṣí. Bí ìyá mi bá jáde sí ẹ̀yìnkùlé láti lọ fún àwọn adìyẹ rẹ̀ ní oúnjẹ, ẹ̀rọ á ní "tin." Màmá a sì dá a lóhùn pé, "Èmi ni."