Bí A Ṣe Ń Fi Ètò Ìdarí Sínú Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Kọ̀ǹpútà Lẹ́ẹ̀kan Náà

(Àròkọ aṣàlàyé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ ọwọ́ ni a ń ṣàlàyé níhìn-ín. Ẹni tí kò rí i rí gbọdọ̀ lè fojú inú rí i nígbà tí ó bá kà á tán.)

Láti ọdún 2015 ni JAMB ti pa bébà àti bírò tì pátápátá, tí ó jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà nìkan ni a ti ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì. Ọdún 2013 ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò. Ní ọdún 2024, WAEC náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tí ń dá forúkọ sílẹ̀ ní ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Ọmọ Masifa tí ó bá gba Èjìgbò kọjá lọ síbi irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ yóò bá kọ̀ǹpútà nílẹ̀ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, tí gbogbo wọn tan iná, tí gbogbo wọn sì rí bákan náà. Kì í sábà bi ara rẹ̀ pé ta ni ó mú kí wọ́n rí bákan náà, tàbí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí èyí tí ó kan òun bá yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kò lè dá nǹkan kan ṣe bí kò bá ní ètò ìdarí nínú. Windows tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jẹ́ ètò ìdarí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Linux, tí Ubuntu jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà rẹ̀. Òun ni ó ń sọ fún bọ́tìnnì, fún ojú ẹ̀rọ àti fún háàdì dísìkì ohun tí oníkálukú yóò ṣe. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ẹ̀rọ náà di ilé tí a kọ́ tán tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀.

Ọ̀nà àtijọ́ ni pé kí oníṣẹ́ mú fláàṣì tí ètò náà wà nínú rẹ̀, kí ó kì í bọ ara kọ̀ǹpútà kan, kí ó jókòó tì í, kí ó sì máa dáhùn ìbéèrè tí yóò máa bi í. Èdè wo? Aago ibo ni kí n tẹ̀ lé? Orúkọ wo ni kí n máa jẹ́? Ṣé kí n pa ohun tí ó wà nílẹ̀ rẹ́? Ká ní ogójì ìṣẹ́jú ni ọ̀kan ń gbà, tí gbọ̀ngàn sì ní kọ̀ǹpútà 250, ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀: 250 lọ́nà 40 jẹ́ 10,000 ìṣẹ́jú. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ yóò lo nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlélógún. Lóòótọ́, ènìyàn lè ní fláàṣì márùn-ún lọ́wọ́, kí ó máa ti orí ọ̀kan bọ́ sí orí òmíràn. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ ní gbọ̀ngàn kan títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí a yẹ iṣẹ́ wọn wò, aago àwọn ẹ̀rọ kan fi wákàtí kan yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, ẹ̀rọ méjì sì ń jẹ́ orúkọ kan náà. Àwọn ọmọ náà mọ iṣẹ́. Oorun ni ó ń kùn wọ́n, wọ́n sì ti dáhùn ìbéèrè kan náà títí ó fi sú wọn.

Ọ̀nà kejì ni kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lọ béèrè ètò náà lórí wáyà. A ó ya ẹ̀rọ kan sọ́tọ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní server. Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ẹrù wà. A ó so ó mọ́ àpótí olójúhò púpọ̀ tí à ń pè ní switch, a ó sì so gbogbo kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn náà mọ́ switch yìí. Wáyà ni mo wí o. Wi-Fi kò sábà ṣe é lò fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé kọ̀ǹpútà tí kò tíì ní ètò kankan nínú kò mọ bí a ti ń fi afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀.

Kí ohun tí ó tẹ̀ lé e tó lè yé ènìyàn, kí ó ro ti àlejò tí ó wọ Masifa lóru, tí kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Kò sí ohun tí ó lè ṣe ju pé kí ó dúró ní oríta, kí ó sì ké pé, “Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n wọ̀ sí?” Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà òfìfo ń ṣe. Àwọn tí ó ṣe é ti kọ́ káàdì tí wáyà ń wọ̀ ní ẹ̀kọ́ bíńtín kan: bí o kò bá rí ètò nínú ilé, ké jáde sórí wáyà. Orúkọ ìlànà yìí ni PXE. Ilé-iṣẹ́ Intel ti Amẹ́ríkà ni ó gbé e kalẹ̀; ọdún 1999 ni ẹ̀dà 2.1 rẹ̀ jáde. Bí server bá ti gbọ́ igbe náà, yóò fún àlejò ní àdírẹ́sì, bí ẹni fún un ní nọ́ńbà ojúlé. Iṣẹ́ DHCP nìyẹn. Yóò sì tún júwe ibi tí yóò ti gba ẹrù kékeré kan. TFTP, tí ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ni ó ń gbé ẹrù yìí. Kò tilẹ̀ ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹrù náà kéré, ṣùgbọ́n ó tó láti la kọ̀ǹpútà lójú, kí ó lè lọ gba ẹrù ńlá, èyíinì ni ètò ìdarí gan-an.

Bí a bá fi í mọ síbẹ̀, ìbéèrè yóò tún bẹ̀rẹ̀, oníṣẹ́ yóò sì tún máa sáré káàkiri gbọ̀ngàn. Nítorí náà ni a ṣe ń kọ ìdáhùn sílẹ̀ ṣáájú sínú ìwé kan tí ó wà lórí server. Red Hat ń pe tirẹ̀ ní Kickstart, Debian ní preseed, Ubuntu ní autoinstall. Ti Windows a máa jẹ́ unattend.xml. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò le: èdè, Gẹ̀ẹ́sì, aago, ti Èkó, ohun tí ó wà nílẹ̀, pa á rẹ́. (Ibi kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nìyí tí a ti gbà kí olùdánwò kó ìdáhùn wọlé. Ẹ má ṣe dán an wò ní gbọ̀ngàn tiyín.)

Orúkọ nìkan ni kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Káàdì wáyà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí a tẹ̀ mọ́ ọn láti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, lẹ́tà àti fígọ̀ méjìlá lápapọ̀. Server ń fi nọ́ńbà yìí mọ ẹni tí ń ké: èyí ni ìlà kejì, ìjókòó kẹsàn-án, báyìí ni kí ó máa jẹ́.

Ó wá ku ìnira ẹrù. Ká ní ètò náà tó 5 GB. Wáyà tí ó ń gbé gígábíìtì kan kò lè gbé ju 125 MB lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ẹrù ẹnì kan yóò gba ìṣẹ́jú-àáyá 40, bí ohun gbogbo bá lọ geere. Bí server bá ń há a fún kọ̀ǹpútà 250 lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò gba nǹkan bí wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ìyẹn sàn ju ọjọ́ mọ́kànlélógún lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ó tún lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akéde kì í kan ilẹ̀kùn ilé kọ̀ọ̀kan. Ó ń lu agogo ní oríta, gbogbo ilé a sì gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Clonezilla, tí wọ́n ṣe ní Taiwan, àti FOG, tí méjèèjì jẹ́ ọ̀fẹ́, lè ṣe bẹ́ẹ̀. A ó tún kọ̀ǹpútà kan tò dáadáa, a ó ṣe ẹ̀dà gbogbo inú rẹ̀, server yóò sì ké ẹ̀dà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún gbogbo gbọ̀ngàn.

Ewu ibẹ̀ kò kéré. Ìwé ìdáhùn ti sọ pé kí ohun tí ó wà nílẹ̀ di píparẹ́, server kò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni. Bí kọ̀ǹpútà akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́, tí orúkọ àwọn ọmọ àti owó tí wọ́n san wà nínú rẹ̀, bá wà lórí switch kan náà, tí a sì ti tò ó pé kí ó máa kọ́kọ́ wo orí wáyà nígbà tí ó bá ń jí, òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni yóò bá ara rẹ̀ ní òfìfo. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe fi ń ya switch gbọ̀ngàn sọ́tọ̀, tí ó sì ń kọ nọ́ńbà àwọn ẹ̀rọ tí server lè dá lóhùn sílẹ̀. Ti iná mànàmáná rọrùn díẹ̀: bí NEPA bá mú un lọ láàárín iṣẹ́, kọ̀ǹpútà tí kò parí yóò tún ké nígbà tí iná bá dé, bí a bá ti tò ó pé orí wáyà ni kí ó kọ́kọ́ wò. Server àti switch ni ó yẹ kí ó ní bátìrì.

Ohun tí àìbáramu ẹ̀rọ lè fà hàn sí gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 2025. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ètò ìdarí, ọ̀rọ̀ àtúnṣe tí ó yẹ kí ó wọ inú gbogbo server ìdánwò JAMB ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yà iṣẹ́ kan náà ni wọ́n. Àtúnṣe náà wọ inú àwọn server apá kan, kò wọ inú ti Èkó àti ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò. Ìdáhùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ kò wọlé bí ó ti yẹ. Èsì jáde, ọmọ tí ó mọ̀wé rí máàkì tí kì í ṣe tirẹ̀, ariwo sì ta. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tí ó jẹ́ ọ̀gá JAMB nígbà náà, jẹ́wọ́ àṣìṣe náà ní gbangba pẹ̀lú omijé lójú. Àwọn tí ó kàn jẹ́ 379,997, ní ibùdó 157: ibùdó 65 ní agbègbè Èkó, 92 ní agbègbè Owerri. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà ni àtúnṣe ìdánwò bẹ̀rẹ̀ fún wọn.

Nítorí irú èyí ni iṣẹ́ kò fi tíì parí nígbà tí gbogbo ojú ẹ̀rọ bá tan iná. Server tí ó pín ẹrù yóò tún béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lórí wáyà: ẹ̀dà wo ni ó wà nínú rẹ, aago mélòó ni ó lù lọ́dọ̀ rẹ, kí ni orúkọ rẹ? Oníṣẹ́ yóò tẹ ìdáhùn 250 náà jáde, yóò sì fi ìka wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tí ìdáhùn rẹ̀ bá yàtọ̀, a ó jẹ́ kí ó ké lẹ́ẹ̀kejì, kí ó gba ẹrù tuntun. Èyí tí kò bá dáhùn rárá, a ó yọ ọ́ kúrò lórí ìlà, a ó sì gbé òmíràn síbẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé.