Èésú àti Àjọ: Ọgbọ́n Ìfowópamọ́ Láàrin Ọ̀rẹ́

Ní agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò, níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó àti ọjà Alábà wà, bí ọ̀rẹ́ bá ń gba ara wọn nímọ̀ràn lórí owó, èésú àti àjọ kì í gbẹ́yìn. Àwọn kan ka méjèèjì sí ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà.

Nínú àjọ, alájọ ni à ń dá owó fún. Ẹni tó bá dá ₦500 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ yóò gba ₦14,500; owó ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Ewu rẹ̀ ni kí alájọ sá lọ.

Èésú, tí William Bascom kọ àpilẹ̀kọ lé lórí ní 1952, yàtọ̀. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń dá ₦5,000 lóṣù, ẹnì kan yóò máa kó ₦50,000 lóṣooṣù. Kò lérè: iye tí a bá dá ni a ó kó. Síbẹ̀, gbèsè ni ti ẹni àkọ́kọ́. Ìfowópamọ́ ni ti ẹni ìkẹyìn. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá kó tirẹ̀ tán tí kò dá mọ́, owó bàjẹ́, ọ̀rẹ́ sì bàjẹ́.

Ní ìkádìí, àjọ yẹ ẹni tí owó ń wọlé fún lójoojúmọ́. Èésú yẹ ẹni tó ní ohun ńlá láti rà. Ìwà ẹni tí yóò kọ́kọ́ kó ni kí a yẹ̀ wò kí a tó dá a.