Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ṣé ìjókòó ló yẹ àgbà?

Ṣé ẹni tó bá ti lé ní ọdún 65 kò gbọdọ̀ ṣe ju kó jókòó, kí àwọn ọmọ máa bu omi fún un? Ó tì o!

1. Iṣan tí a kò lò ń joro ni.

2. Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé ní kí àgbà máa lo ara fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀: ìrìn kánmọ́kánmọ́, kódà ijó. (Ẹ̀yin ìyá ọlọ́wàńbẹ̀, ẹ kú iṣẹ́!)

3. Ká má ṣubú náà ṣe pàtàkì; ẹ gbìyànjú èyí kí ẹsẹ̀ lè lágbára. Ẹ jókòó sórí àga tí kì í mì, ẹ káwọ́ láyà, ẹ dìde, ẹ rọra jókòó padà. Lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí orúnkún bá ń ro yín, ẹ di tábìlì mú.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà léèrè.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí màmá àti bàbá lórí WhatsApp.