Rọ́bà Ẹnu Ọmọ àti Ọ̀rọ̀ Sísọ

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ìpín tàbí ti ẹ̀yáwó. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Ní ìpàdé àwọn ìyá ọlọ́jà kan tí a lọ, ìyá kan dìde, ó ní ọmọ òun ti lé díẹ̀ ní ọdún méjì, kò sì tíì pe ìyá, kò tíì pe bàbá. Kí ó tó sọ tẹnu rẹ̀ tán ni àwọn kan ti ń pariwo pé rọ́bà tó máa ń ki bọ̀ ọ́ lẹ́nu ló fà á. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, pé bàbá ọmọ náà gan-an pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Díẹ̀ ló kù kí ìpàdé túká lórí rẹ̀. A ṣèlérí pé a ó wádìí ọ̀rọ̀ náà, ohun tí a rí nìyí.

Rọ́bà tí à ń wí ni èyí tó dà bí orí ọmú, tí kò sí ìgò lábẹ́ rẹ̀, tí ọmọ ń fà láìrí nǹkan kan mu. Àwọn kan ń pè é ní dọ́mì, àwọn kan ní ọmú rọ́bà. Ọmọ tuntun fẹ́ràn kí ó máa fa nǹkan, bí Ọlọ́run ti dá a nìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹkún fi máa ń dá wáí bí rọ́bà bá ti wọ ẹnu. Ìyá tó ń wọn gàrí fún oníbàárà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà kò ṣeé bá wí bí ó bá wá ìrànlọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Ẹ wí "bàbá", kí ẹ sì kíyè sí ètè yín: méjèèjì pàdé. Ẹ wí "dìde": ṣóńṣó ahọ́n lọ kan òkè ẹnu lẹ́yìn eyín. Ẹ wí "kókó": ẹ̀yìn ahọ́n ló ṣiṣẹ́, lọ́hùn-ún nítòsí ọ̀fun. Nísinsìnyí, ẹ ki ìka kan bọ ẹnu, kí ẹ tún wí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Kókó" yóò jáde, ṣùgbọ́n "bàbá" kò ní jáde dáadáa, "dìde" yóò sì di nǹkan mìíràn. Irú rẹ̀ ni rọ́bà ń ṣe: ó gba ibi tí ó yẹ kí ahọ́n ti rìn. Nítorí náà, ọmọ tí rọ́bà kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ lọ́sàn-án lè máa fi ẹ̀yìn ahọ́n wí ohun tí ó yẹ kí ó fi ṣóńṣó rẹ̀ wí, débi pé "ata" yóò di "aka", "adé" yóò di "agé". Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò ní sọnù bẹ́ẹ̀, nítorí inú ọ̀fun ni ìyẹn ti ń wá. A rò pé èyí ló fà á tí ìyá fi máa ń mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń kùn wí, tí àlejò kò sì ní gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní Punta Arenas, ní orílẹ̀-èdè Chile, ìwádìí kan tó jáde ní 2009 wo ọmọ 128, láti ọdún 3 sí 5. Ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ pọ̀ láàárín àwọn tó lo rọ́bà fún ọdún 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì pọ̀ láàárín àwọn tó ń mu ìka pẹ̀lú. Ní Canada, ní 2015, wọ́n fi rọ́bà tí ọmọ ń gé jẹ, èyí tó tẹ ahọ́n mọ́lẹ̀, sí ẹnu àwọn ọmọ oṣù 6, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìró méjì nínú èdè Hindi tó jọ ara wọn gidigidi. Wọn kò mọ ìyàtọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n lo òmíràn tí kò dí ahọ́n lọ́wọ́, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ó ya àwa náà lẹ́nu: ọmọ tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ahọ́n rẹ̀ ti ń bá etí rẹ̀ gbọ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tó pariwo ní ìpàdé má tíì yọ̀. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2021 wo ọmọ 100 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì rí ìyàtọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n wọ̀n. Àwọn tí wọ́n ń lò ó púpọ̀ lọ́sàn-án nìkan ni àṣìsọ tí kò wọ́pọ̀ láàárín ọmọdé pọ̀ lẹ́nu wọn. Àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ ti ń sọ láti 2005 pé rọ́bà nígbà oorun lè dín ikú òjijì ọmọ-ọwọ́ kù, bí ọmú bá ti mọ́ ọmọ lára tán. Ní 1989, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a má fún ọmọ tó ń mu ọmú ní rọ́bà rárá. Ní 2018 wọ́n tún un kọ, wọ́n ní kí a máa la ìyá lóye nípa rẹ̀. Nítorí náà, ti òru kọ́ ni ìjà wa. Ti ọ̀sán ni.

Lọ́sàn-án ni ọmọ ń kọ́ èdè. Yóò wí "bá-bá-bá", ìyá yóò dá a lóhùn. Yóò na ọwọ́ sí ajá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò ní "ajá nìyẹn". Ìyá àgbà ń wẹ̀ ẹ́, ó ń ki oríkì rẹ̀, ọmọ náà ń fèsì ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí rọ́bà bá wà lẹ́nu, ta ni yóò fèsì? Ọmọ dákẹ́, inú wa dùn pé ó dákẹ́, a sì gbàgbé láti bá a sọ̀rọ̀. Ní Norway, ìwádìí kan tó jáde ní 2024, tó wo ọmọ tó ju 1,000 lọ, rí i pé àwọn tó lo rọ́bà jù kò mọ ọ̀rọ̀ tó àwọn yòókù ní ọdún 1 àti 2. Kò fi hàn pé rọ́bà ló fà á, ṣùgbọ́n ó yẹ ní ríronú sí.

Ohun tó dùn wá jù nínú àríyànjiyàn ọjọ́ náà ni pé ẹnì kankan kò dárúkọ etí. Ọmọ tí kò gbọ́ràn kò lè sọ̀rọ̀. Etí máa ń dun àwọn ọmọ tó ń lo rọ́bà ju àwọn yòókù lọ, omi sì lè dúró lẹ́yìn ìlù etí fún oṣù púpọ̀ láìsí ẹkún, tí ọmọ yóò máa gbọ́ wa bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Àwọn mìíràn sì wà tí a bí pẹ̀lú àìgbọ́ràn. Bí a bá ń di ẹ̀bi ru rọ́bà títí ọmọ fi pé ọdún mẹ́rin, àkókò tó ṣe iyebíye ti lọ. Ọmọ oṣù 12 tí kì í wí "bá-bá", tí kì í yíjú sí ariwo. Ọmọ oṣù 18 tí kò ní ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ ọdún 2 tí kò lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bí "gbé mi": ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, ì báà lo rọ́bà, ì báà má lò ó.

Bí ẹ bá fẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sán. Kí rọ́bà máa gbé orí ibùsùn, kí ó má bá ọmọ lọ sí ọjà. Bí ọmọ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́. Láti bí ọdún kan, ẹ máa dín ti òru náà kù. Ẹ má sì fi oyin tàbí ṣúgà kùn ún: ṣúgà ń ba eyín jẹ́, oyin sì léwu fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.

Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti mú ọmọ rẹ̀ lọ. Omi ni wọ́n bá ní etí méjèèjì, ìtọ́jú sì ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kí ó fi rán akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ sí wa.