Ìlù Oríkì Gẹ́gẹ́ Bí Ìró Ìpè Fóònù

Kì í ṣe ohun tuntun lójú Yorùbá pé kí ìlù máa pe ènìyàn. Onídùndún a dúró lẹ́nu ọ̀nà olówó, a fi ìlù kì í, olówó náà a sì jáde. Nítorí náà, kò yani lẹ́nu pé àwọn kan ń gba ìlù oríkì wọn sílẹ̀ láti fi ṣe ìró ìpè lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀.

Ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ni ìlù ń gbé jáde. Kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò sì ní fáwẹ̀lì. "Bàbá ń pè" àti "màmá ń pè" kò yàtọ̀ lẹ́nu ìlù. Ti oríkì àbísọ tilẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkànní, Àjàní, Àyìnlá, Àbẹ̀kẹ́, Àṣàbí: ohùn ìsàlẹ̀ méjì àti ohùn òkè kan ni gbogbo wọn. Bí fóònù kan bá ń lu "Àkànní" nìkan nínú ọkọ̀ èrò, Àbẹ̀kẹ́ tó jókòó lẹ́yìn lè dáhùn, bí ó bá jẹ́ ẹni tó ṣì gbọ́ ìlù. Bákan náà ni àwọn olùgbọ́ rédíò ní Ìbàdàn láyé àtijọ́ ṣe ń fi ìlù tí iléeṣẹ́ náà fi ń pe orúkọ ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, tí wọ́n ní ohun tó ń wí ni pé bí Olúbàdàn bá kú, ta ni yóò joyè. Ìdí nìyí tí àyàn fi ń fi gbólóhùn gígùn láti inú oríkì orílẹ̀ kún orúkọ. Èyí ni yóò la ọ̀rọ̀ náà yé olùgbọ́.

Áàpù tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù tó fún iṣẹ́ náà. Gángan sì dára fún un ju ìyá ìlù lọ. Ẹ̀rọ tí ohùn ń gbà jáde lára fóònù kéré púpọ̀, ohùn ńlá ìsàlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde níbẹ̀. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá sì sọnù, ọ̀rọ̀ ìlù bàjẹ́ nìyẹn.

Gígé ni ibi tó le jù. Bí ìró ìpè bá parí tí a kò tíì gbé fóònù, fóònù a tún un bẹ̀rẹ̀. Bí a bá gé ìlù náà láàárín gbólóhùn, ìparí rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àyàn kò sọ ni yóò sì máa dún. Kí a jẹ́ kí ohùn tó ń yọ́ lọ sílẹ̀ yọ́ tán kí a tó gé e.

Lórí Android, inú Settings, níbi ètò ohùn, ni a ti ń yan ohun tí a gbà sílẹ̀. Lórí iPhone, GarageBand ni ọ̀pọ̀ ń lò. Kò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá 30 lọ.

Àwọn mìíràn a máa gé tiwọn láti inú rẹ́kọ́ọ̀dù, kí wọ́n má baà san owó àyàn. Ẹni tí a lu rẹ́kọ́ọ̀dù náà fún ni ìlù inú rẹ̀ ń kì. Fóònù ọmọ Olọ́fà a sì máa ki ọmọ Oníkòyí láàárín ọjà.