Àpótí Iná Alágbèéká àti Àtúnṣe Rẹ̀ Nínú Ilé

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àpótí iná alágbèéká mu gidigidi, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní páwà stéṣọ̀n. Láti ọdún 2023, tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ọ̀pọ̀ ìdílé ti yà kúrò lọ́dọ̀ jẹnẹrétọ̀ sí irú àpótí yìí. Kì í pariwo, kì í sì í rú èéfín. Ṣùgbọ́n owó gọbọi ni a fi ń rà á. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ó bá dákẹ́, àyà onílé a já, a sì fẹ́ tú u palẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo àpótí tí ó dákẹ́ ni ó bàjẹ́.

Ẹni tí yóò wo àìsàn gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀yà ara. Ohun pàtàkì mẹ́rin ni ó wà nínú àpótí náà. Èkíní ni bátìrì lítíọ́ọ̀mù, tí ń kó agbára pamọ́. Ọdún 1991 ni irú bátìrì yìí kọ́kọ́ dé ọjà. Ní ọdún 2019 ni a sì fi ẹ̀bùn Nobel dá àwọn mẹ́ta tí ó la ọ̀nà rẹ̀ lọ́lá: John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino. Èkejì ni ẹ̀rọ olùṣọ́, tí ń wo bátìrì kí ó má baà kún jù, kí ó má baà gbẹ jù, kí ó má sì gbóná jù. Ẹ̀kẹta ni ínfátà, tí ń sọ iná bátìrì di irú iná tí ó wà lára ògiri ilé. Ẹ̀kẹrin ni ṣájà, ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, olùṣọ́ ni ó ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́.

Bí àpótí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí bátìrì ti gbẹ, pàápàá bí a bá ti gbé e sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Kí onílé kọ́kọ́ fi ohun mìíràn dán sọ́kẹ́ẹ̀tì wò bóyá iná wà níbẹ̀. Kí ó sì yẹ wáyà wò láti orí dé ìdí bóyá ó já tàbí ó jóná. Bí kò bá sí àléébù níbẹ̀, kí ó fi àpótí sórí iná fún wákàtí mélòó kan kí ó tó sọ̀rètí nù, nítorí bátìrì tí ó gbẹ gan-an kì í tètè jí. Bí ojú àpótí bá tàn ṣùgbọ́n tí iná kò jáde, kí ó wo bọ́tìnnì. Lára ọ̀pọ̀ àpótí, ihò iná ńlá àti ihò USB ní bọ́tìnnì tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí iná bá jáde, tí ó sì kú lójijì, ó lè jẹ́ pé ẹrù ni ó pọ̀ jù. Kí a wo aránṣọ kan tí àpótí rẹ̀ lè gbé 500 wáàtì. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ń jẹ 100 wáàtì, kò sì sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ki áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì bọ̀ ọ́, àpótí yóò kú. Kí ó yọ áyọ́ọ̀nù, kí ó pa àpótí, kí ó sì tún un tàn. Wáàtì dà bí fífẹ̀ ẹnu kèrègbè. Wáàtì-wákàtí dà bí omi inú rẹ̀. Àpótí tí ó gba 500 wáàtì-wákàtí kì í fúnni ní gbogbo rẹ̀, nítorí ínfátà a máa jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá fúnni ní 425, fáànù 50 wáàtì yóò lò ó fún bí wákàtí 8. Ẹni tí kò mọ ìṣirò yìí yóò máa fi ẹ̀sùn èké kan bátìrì.

Ooru náà jẹ́ ọ̀tá. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa dí ihò tí àpótí fi ń mí. Kí a pa á, kí a yọ ọ́ kúrò lára iná, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a, kí a sì jẹ́ kí ó tutù. Bí páńẹ́ẹ̀lì sólà ni kò bá fún un ní iná, kí a wo òjìji igi àti eruku lójú rẹ̀. Fóltéèjì páńẹ́ẹ̀lì kò gbọdọ̀ ju iye tí a kọ sára àpótí lọ, nítorí ó lè ba ṣájà jẹ́ pátápátá.

Ibi tí àtúnṣe ilé mọ nìyẹn. Bí àpótí bá wú, bí ó bá ń rùn bí oògùn, tàbí bí omi bá ti wọ inú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í sórí iná mọ́; kí a gbé e síta, jìnnà sí ohun tí ó lè jó. Bí ó bá ti ń rú èéfín, kí a má fọwọ́ kàn án. Májèlé ni èéfín náà. Kí gbogbo ará ilé sá jáde, kí wọ́n sì pe panápaná. Ẹni tí ó bá tú àpótí lè fọwọ́ kan agbára tí ó ṣì wà nínú ínfátà lẹ́yìn tí a ti pa á, tàbí kí irin ọwọ́ rẹ̀ so ẹnu bátìrì méjèèjì pọ̀, kí iná sì sọ. Owó àpótí ṣeé tún rí. Ẹ̀mí kò ní ìpààrọ̀.

Ìka tí ó tọ́ sí imú ni a fi ń ro imú. Kí onílé kọ ohun tí ó ti dán wò sílẹ̀, pẹ̀lú àmì tí ó hàn lójú àpótí, kí ó sì gbé e lọ fún oníṣẹ́ tí ó mọ bátìrì lítíọ́ọ̀mù. Èyí tí a kò bá lò, kí a fi í pamọ́ síbi tí ó tutù, pẹ̀lú bí ìdajì agbára nínú rẹ̀, kí a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí òun lè ṣe, tí ó sì mọ ibi tí ó yẹ kí òun ti dúró, ọlọ́gbọ́n ni.