Celeste Le, Àmọ́ Kì Í Rẹ́ni Jẹ: Ṣé Lóòótọ́ Ni?

Ẹ bi ẹni tó bá ti gbá Celeste rí léèrè pé báwo ló ṣe rí, ọ̀rọ̀ méjì ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Èkíní, géèmù náà le débi pé á máa ṣe èèyàn bíi kó la pádì mọ́lẹ̀. Èkejì, kì í rẹ́ni jẹ. “Tí mo bá kú níbẹ̀, èmi ni mo pa ara mi, kì í ṣe géèmù.” Àwọn kan á tún fi ẹ̀kẹta kún un, pé ó rán àwọn létí géèmù ayé àtijọ́, èyí tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ dà bíi búlọ́ọ̀kù kéékèèké tí wọ́n tò jọ.

Ohun tí mo fẹ́ ká ṣe lónìí ni pé ká gbé àwọn ọ̀rọ̀ yìí sórí tábìlì láàbù. Ó ṣeé ṣe, torí pé kóòdù tó ń darí bí ẹ̀dá inú géèmù yìí ṣe ń rìn àti bó ṣe ń fò wà ní gbangba. Noel Berry, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe é, gbé e sórí GitHub kí ẹnikẹ́ni lè kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Celeste ń ṣe màgòmágó dáadáa. Ó kàn jẹ́ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbá a ló ń ṣe é fún ni.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: Maddy Thorson àti Noel Berry pẹ̀lú ẹgbẹ́ kékeré kan ló ṣe géèmù yìí, ó sì jáde ní ọjọ́ 25 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2018. Madeline, ọmọbìnrin kan tí àníyàn àti ìpayà ń bá fínra, pinnu pé òun máa gun òkè kan dé orí. Tẹ́ ẹ bá ti gbá Mario rí, ẹ ti mọ irú rẹ̀: ẹ máa sáré, ẹ máa fò, ẹ ò gbọ́dọ̀ já sí kòtò. Celeste wá fi kún un pé ẹ lè rọ̀ mọ́ ògiri, ẹ sì lè já lọ fìì nínú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí ẹsẹ̀ tó tún kanlẹ̀. Pixel 320 ní ìbú àti 180 ní òró ni àwòrán ibi tẹ́ ẹ ti ń gbá a, tí wọ́n wá fẹ̀ lójú skírìn. Skírìn fóònù tó jẹ́ 720p lásán ní pixel tó ìlọ́po 16 iye yẹn. Síbẹ̀, géèmù yìí ló gba àmì ẹ̀yẹ géèmù aládàáni tó dára jù lọ níbi The Game Awards ọdún 2018.

Kódà èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni Thorson àti Berry fi ṣe é, orí PICO-8, ìyẹn ẹ̀rọ géèmù kan tí kò sí níbì kankan àfi nínú sọ́fítíwíà. Àwọ̀ 16, pixel 128 sí 128, ó tán. Ọ̀fẹ́ ni, orí bráwúsà ni wọ́n ti ń gbá a, mo sì máa padà sórí rẹ̀.

Ó yá, màgòmágó dà? Ẹ fojú inú wò ó pé Madeline ń sáré lọ sí etí ọ̀gbun. Ẹ fẹ́ kó fò ní etí gan-an kó lè dé òdìkejì. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, àmọ́ ẹ pẹ́ díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò lórí ilẹ̀. Nínú físíìsì tí wọ́n kọ́ wa níléèwé, kò sí ohun tó máa fi ẹsẹ̀ tì kó tó fò mọ́. Kó já bọ́ ló kù. Ṣùgbọ́n nínú Celeste, fún ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn tó ti kúrò lórí ilẹ̀, géèmù ṣì gbà pé ó lè fò bíi pé orí ilẹ̀ ló wà. Àwọn tó ń ṣe géèmù ń pè é ní coyote time, látorí Wile E. Coyote inú kàtúùnù Road Runner, ẹni tó máa ń sáré kọjá etí òkè tí kì í já bọ́ àfìgbà tó bá bojú wolẹ̀.

Ìdá kan nínú mẹ́wàá lè dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Nínú kóòdù yẹn, eré Madeline lórí ilẹ̀ jẹ́ pixel 90 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ pixel 9. Búlọ́ọ̀kù kan nínú géèmù yìí sì jẹ́ pixel 8. Ìyẹn ni pé ẹ lè ti rìn kọjá etí òkè tó ju búlọ́ọ̀kù kan lọ, kẹ́ ẹ ṣì fò láti orí afẹ́fẹ́ bíi pé kò sí nǹkan. Ojú ẹni tó ń gbá a kì í rí i. Ohun tó máa sọ ni pé “mo tẹ̀ ẹ́ lásìkò.”

Òun nìkan kọ́. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ìfò díẹ̀ ṣáájú kí ẹsẹ̀ tó kanlẹ̀, géèmù á fi í sọ́kàn, á sì fò nígbà tí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀. Tí orí Madeline bá fẹ́ gbá igun òrùlé pẹ̀lú pixel mẹ́rin tàbí kó dín, géèmù á rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè kọjá. Èyí tó wù mí jù ni ti òòfà ilẹ̀. Pixel 900 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ni agbára tó ń fà á wálẹ̀. Àmọ́ tó bá ti fẹ́ dé ṣóńṣó ìfò rẹ̀, tí eré rẹ̀ ti wá sí ìsàlẹ̀ 40, tẹ́ ẹ bá ṣì di bọ́tìnnì mú, géèmù á gé òòfà ilẹ̀ sí méjì. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀: ìgbà tó fi ń rá bàbà lókè níbẹ̀ á kúrò ní nǹkan bí 0.09 ìṣẹ́jú àáyá, á di 0.18. Ó di ìlọ́po méjì àkókò tẹ́ ẹ lè fi wo ibi tẹ́ ẹ fẹ́ balẹ̀ sí. Kò sí pílánẹ́ẹ̀tì kankan tí òòfà ti ń ṣe báyìí fún ẹnikẹ́ni torí pé ó di bọ́tìnnì mú.

Kí ló wá dé tí a kì í fi í rí i? Ibí ni sáyẹ́ǹsì ti wọlé.

Tí wọ́n bá tan iná lójijì, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì tẹ́ ẹ bá ti rí i, ó máa ń tó 200 sí 250 mílísẹ́kọ́ńdì kí ìka tó gbéra (1,000 mílísẹ́kọ́ńdì ló ṣe ìṣẹ́jú àáyá kan). Ó tó ìlọ́po méjì coyote time, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó ń dúró di ìgbà tó bá rí i pé òun ti dé etí kó tó fò. Ọpọlọ ló ń sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ wo àwọn méjì tó ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo: ọmọ odó ẹnì kan ń lọ sókè bí ti ẹnì kejì ṣe ń bọ̀ nílẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ní òun máa wo ti ẹnì kejì kóun tó gbé tòun, wọ́n á forí ọmọ odó gbára. Àsọtẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń gún un. Àsọtẹ́lẹ̀ kò sì lè ṣe rẹ́gí nígbà gbogbo, á yá díẹ̀ lónìí, á pẹ́ díẹ̀ lọ́la. Coyote time ló ń gba èyí tó pẹ́, ìrántí bọ́tìnnì ló ń gba èyí tó yá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń jẹ nínú àkókò yín. Celeste ń ya àwòrán 60 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni àwòrán kan ní mílísẹ́kọ́ńdì 16.7. Láti ìka dé pádì, láti pádì dé inú géèmù, láti géèmù dé ojú skírìn, ibi kọ̀ọ̀kan ló ń gba owó ibodè tiẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń wò lójú tẹlifíṣàn ti ṣẹlẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì gẹ́lẹ́ ní etí òkè tí ojú rẹ̀ rí ti pẹ́ lójú aago géèmù. Torí náà, lójú tèmi, apá kan nínú coyote time kì í ṣe àánú rárá. Gbèsè tí ẹ̀rọ jẹ yín ni wọ́n ń san padà.

Ẹ̀kẹta ló yà mí lẹ́nu jù. Ní ọdún 2002, Patrick Haggard àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú Nature Neuroscience. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn tẹ bọ́tìnnì nígbà tó bá wù wọ́n; mílísẹ́kọ́ńdì 250 lẹ́yìn rẹ̀, ohùn kan á dún. Wọ́n wá ní kí wọ́n wo aago kan, kí wọ́n sọ ìgbà tí nǹkan wọ̀nyí ṣẹlẹ̀. Àwọn èèyàn yẹn ní àwọn tẹ bọ́tìnnì pẹ́ ju bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ, wọ́n sì ní ohùn náà yá ju bó ṣe dún lọ. Ọpọlọ fa méjèèjì mọ́ra. Nígbà tó sì jẹ́ pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi mú kí ìka wọn ta fúnra rẹ̀, ńṣe ni méjèèjì tún jìnnà síra lójú wọn. Mi ò sọ pé torí géèmù ni wọ́n ṣe ìwádìí yẹn o. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó yé mi ìdí tí ẹnì kan fi lè fi gbogbo ẹnu sọ pé “etí gan-an ni mo ti fò” nígbà tó jẹ́ orí afẹ́fẹ́ ló wà. Kò parọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọpọlọ rẹ̀ ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé “ó dà bíi géèmù àtijọ́” wá ńkọ́? Ojú rẹ̀ nìkan ló jọ ọ́. Ẹ wá Castlevania ti ọdún 1986 gbá. Tí Simon bá ti fò báyìí, ẹ ò lè yí i padà nínú afẹ́fẹ́ mọ́. Ibi tẹ́ ẹ kọjú rẹ̀ sí nígbà tó gbéra ló ń lọ, kódà kó jẹ́ inú kòtò. Tí àdán bá sì kọ lù ú, á tì í sẹ́yìn, ó di gbére. Ẹni tó bá tún un gbá lónìí lórí tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ á rí i pé ó tún burú ju bí òun ṣe rántí rẹ̀ lọ, á sì máa rò pé ọjọ́ orí ló ń bá òun jà. Àmọ́ tẹlifíṣàn ayé ìgbà yẹn, èyí tí ìdí rẹ̀ rí gbọ̀ngbọ̀n, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dá àwòrán dúró rárá. Tòde òní máa ń tún àwòrán ṣe kó tó gbé e jáde. Celeste wọ aṣọ àwọn bàbá, àmọ́ ọmọ òde òní ni.

Gbogbo èyí kì bá má ju ìtàn tó dùn ún gbọ́ lọ, tí kì í bá ṣe ti àríyànjiyàn kan tó máa ń bí mi nínú. Celeste ní Assist Mode. Ẹ lè fi dín eré géèmù kù títí dé ìdajì, ẹ lè ní kó má rẹ Madeline lórí ògiri, ẹ tiẹ̀ lè ní kó má kú. Àwọn kan ní ẹni tó bá tan án ti rẹ́ géèmù jẹ, kò gbá Celeste. Ẹ gbọ́, gbogbo wa la ti ń gba ìrànwọ́! Ìrànwọ́ tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ni tẹ̀yin, wọ́n kàn fi í pa mọ́ kí ojú má bàa tì yín ni. Ká ní àsìkò tẹ̀yin ń fi 30 mílísẹ́kọ́ńdì yà síhìn-ín sọ́hùn-ún. 100 tó yín, ó ṣẹ́ kù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí tí ìka kan rò, lè máa fi 150 yà. Fèrèsé kan náà ni wọ́n ṣí fún ẹ̀yin méjèèjì, ara tirẹ̀ ni kò gbà á kọjá. Dídín eré géèmù kù sí ìdajì sì ń sọ 100 yẹn di 200 lójú aago tirẹ̀. Nígbà tí géèmù náà kọ́kọ́ jáde, ọ̀rọ̀ tó ń hàn kẹ́ ẹ tó tan Assist Mode ṣì ń sọ bíi pé ẹni tó bá lò ó ń pàdánù ohun tó ṣe kókó. Àwọn tó nílò rẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn tó ṣe géèmù gbọ́, wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ náà padà ní 2019.

Bó ṣe yẹ ká máa gbọ́ èrò àwọn tó ń gbá géèmù nìyẹn, lójú tèmi. Aláìsàn mọ ibi tó ń dùn ún, ó sì yẹ kí dókítà gbà á gbọ́. Àmọ́ tó bá ní “àgbo tí mo mu ní àná ló fà á,” dókítà ṣì máa ṣe tẹ́ẹ̀sì. Tí ẹnì kan bá ní géèmù kan ń rẹ́ òun jẹ, nǹkan kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó lè máà jẹ́ pé kòtò yẹn fẹ̀ jù, ó lè jẹ́ pé nǹkan kan ló ń jí mílísẹ́kọ́ńdì rẹ̀ kó.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì jẹ́ pé fóònù la fi ń gbá géèmù, níbi tí skírìn onífọwọ́kàn fúnra rẹ̀ ti lè jẹ tó 100 mílísẹ́kọ́ńdì. Ẹ lè wọn tiyín. Ẹ ṣí Celeste ti PICO-8 sórí bráwúsà. Ó ní coyote time tiẹ̀: fíréèmù 6, géèmù náà sì ń lo 30 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn nǹkan bí 200 mílísẹ́kọ́ńdì. Ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín fi fóònù tirẹ̀ ya fídíò ìka yín àti skírìn pọ̀ ní slow motion. Tó bá jẹ́ 240 fíréèmù nínú ìṣẹ́jú àáyá ni kámẹ́rà rẹ̀ ń yà, fíréèmù kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 4.2; tó bá jẹ́ 120, ó jẹ́ 8.3. Ẹ ka iye fíréèmù láti ìgbà tí ìka kan gíláàsì títí di ìgbà tí Madeline kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di mílísẹ́kọ́ńdì. Ẹ ṣe é bíi ìgbà mẹ́wàá, kẹ́ ẹ mú àárín wọn. Tó bá jù 100 lọ, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 200 yẹn, kẹ́ ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù fún yín.